Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ ọmọ yín, ẹ̀bùn ni àbí gbèsè?

Ẹ̀yin òbí wa ní Atosin, ní Ìdànrè, ẹ̀yin àgbẹ̀ kòkó, ọmọ ilẹ̀ olókè, bí ọmọ bá rí àyè wọ yunifásítì, tí owó ìrànwọ́ sì ń yọjú láti ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta, ẹ má ṣe tìtorí pé ọ̀kan pọ̀ ju èkejì lọ kí ẹ sáré tọwọ́ bọ̀wé. Sikọláṣíìpù àti bọ́sárì kò ní sísan padà. Ṣùgbọ́n owó NELFUND, àjọ ẹ̀yáwó ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀, tí òfin ọdún 2024 gbé kalẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba, ẹ̀yáwó ni, bí kò tilẹ̀ ní èlé. Ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń san owó ẹ̀kọ́ fún tààrà. 20,000 náírà oṣooṣù fún ìjẹun ni ọmọ ń gbà, gbèsè sì ni òun náà. Ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà egbèje. Bí wọ́n ṣe ń san án nìyí: ọdún méjì lẹ́yìn àgùnbánirọ̀, bí iṣẹ́ bá ti wà, ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oṣù yóò máa lọ sí gbèsè náà.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ yọ ẹ̀bùn kúrò nínú gbogbo ìnáwó, títí kan owó ilé àti owó ọkọ̀, kí ẹ tó yá ìyókù. Ní ti owó ilé àti owó ọkọ̀ yìí, lójú tèmi, yunifásítì FUTA ní Àkúrẹ́, tí kò jìnnà sí Ìdànrè, lè rọ ilé lọ́rùn ju yunifásítì tó wà ní Okitipupa lọ. Ẹ sì bèèrè bóyá ọdún kan péré ni sikọláṣíìpù náà, tàbí títí ọmọ yóò fi jáde.