Ọ̀nà tí aráàlú ń gbà di awakọ̀ hẹlikọ́pítà ológun ní Amẹ́ríkà

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí girama nìkan lè di awakọ̀ hẹlikọ́pítà ológun. Air Force àti Navy kì í gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ sídìí ọkọ̀ òfurufú, dígírì ni wọ́n kọ́kọ́ ń bèèrè. Àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀, ìyẹn Army, ló ní ètò Warrant Officer Flight Training, tó ń mú aráàlú tí kò wọ kakí rí láti ìgboro lọ sórí ìjókòó awakọ̀. Àwọn tó ń fẹ́ àǹfààní yìí pọ̀ ju àyè tó wà lọ, ìgbìmọ̀ tó sì ń yàn wọ́n lábẹ́ iléeṣẹ́ agbaniwọṣẹ́ ológun ní Fort Knox, ìpínlẹ̀ Kentucky, kì í rí ojú ẹnikẹ́ni nínú wọn. Fáìlì ni wọ́n ń kà.

Ipò tí wọ́n ń du yìí yàtọ̀ sí ohun tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ ní Nàìjíríà. Lọ́dọ̀ àwọn ṣọ́jà Nàìjíríà, wọ́rántì ọ́fíṣà jẹ́ àgbà ọmọ ogun tó ti kọ́púrù àti sájẹ́ǹtì gòkè wá. Ní Amẹ́ríkà, ó wà láàárín sájẹ́ǹtì àti lẹ́fútẹ́náǹtì: onímọ̀ iṣẹ́ kan pàtó ni, iṣẹ́ yẹn ni wọ́n sì gbà á fún. Lẹ́fútẹ́náǹtì tó ń wa hẹlikọ́pítà yóò di ọ̀gá tó ń darí èèyàn, iṣẹ́ ọ́fíìsì yóò sì máa fà á kúrò nídìí ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́rántì ọ́fíṣà ló ń pẹ́ níbẹ̀. Michael Novosel mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa. Ó ti di lẹ́fútẹ́náǹtì kọ́nẹ́ẹ̀lì nínú ẹ̀ka àfipamọ́ Air Force kó tó fi ipò ńlá yẹn sílẹ̀ ní 1964, tó lọ di wọ́rántì ọ́fíṣà nínú Army torí pé ó fẹ́ máa fò fún ológun. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá 1969, ó fi hẹlikọ́pítà rẹ̀ kó ọmọ ogun 29 jáde lábẹ́ ìbọn ní Vietnam, wọ́n sì fún un ní Medal of Honor, àmì ẹ̀yẹ ológun tó ga jù lọ ní ilẹ̀ náà.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń wò ni pé kí ẹni tó ń wá ipò yìí jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó wà ní Houston tàbí Maryland ti ń ṣì í mú: ẹni tó ní green card lè wọ iṣẹ́ ṣọ́jà, ṣùgbọ́n kò lè di wọ́rántì ọ́fíṣà àfi tó bá di ọmọ ìlú ná. Ó gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 18, kò sì gbọdọ̀ tíì kọjá ọjọ́ ìbí rẹ̀ kẹtàlélọ́gbọ̀n. Nínú ASVAB, ìdánwò tí àwọn tó fẹ́ wọ iṣẹ́ ṣọ́jà ń ṣe, máàkì kan wà tí wọ́n ń pè ní GT, tí wọ́n ń ṣírò láti inú òye ọ̀rọ̀ àti ìṣirò. Ó gbọ́dọ̀ tó 110, kò sí ìdáríjì fún 109. Gbogbo èyí kàn ń ṣílẹ̀kùn ni. Ẹni tó ní wọn kò tíì fi nǹkan kan ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìdánwò tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ni SIFT, tó rọ́pò ìdánwò àtijọ́ tó ń jẹ́ AFAST ní 2013. Máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 20 dé 80, 40 sì ni ààlà. Ìgbà méjì péré ni èèyàn lè ṣe é láyé rẹ̀. Ẹni tó bá sì ti gba 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò ní àǹfààní àtiṣe é mọ́. Òfin kejì yìí ló burú. Ẹni tó lọ dán an wò láìmúra, tó sì gba 41, ti yege. Àmọ́ 41 yẹn ni yóò máa tẹ̀ lé fáìlì rẹ̀ kiri, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé kíkà oṣù mẹ́ta ì bá sọ ọ́ di 60. Ó sàn fún un kó fìdí rẹmi ju kó yege báyẹn lọ, ohun tí kì í sábà rí bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò.

Ìsọ̀rí méje ló wà nínú SIFT, wọn ò sì jọra. Èyí àkọ́kọ́ gbé 100 ìbéèrè kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 2, pé kí èèyàn tọ́ka sí àwòrán tó yàtọ̀ láàárín márùn-ún. Ojú àti ọwọ́ ló ń dán wò. Èkejì fi àwòrán kékeré pa mọ́ sínú àwòrán rúdurùdu, 50 ìbéèrè ní ìṣẹ́jú 5. Òmíràn fi ohun tí awakọ̀ ń rí láti ojú fèrèsé hàn, bí ilẹ̀ àti omi ṣe dábùú, ó wá bèèrè bóyá ọkọ̀ náà ń gòkè, ń sọ̀ kalẹ̀ tàbí ó dẹ̀gbẹ́. Kíka àyọkà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìsọ̀rí ìṣirò àti ti bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́ ló ní àrékérekè: kọ̀ǹpútà ń mú ìbéèrè le sí i bí èèyàn bá ṣe ń gbà á, débi pé ẹni tó ń ṣe dáadáa lè rò pé òun ti kùnà.

Ìsọ̀rí tí ìmúra ń ràn lọ́wọ́ jù lọ ni ti ìmọ̀ òfurufú, 40 ìbéèrè ní ìṣẹ́jú 30. Ìwé tó kún fún ìdáhùn rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì: Helicopter Flying Handbook, tí FAA, àjọ tó ń bójú tó òfurufú Amẹ́ríkà, ń tẹ̀ jáde. Ohun tó wà níbẹ̀ kì í ṣe àkọ́sórí. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí abẹ̀bẹ̀ ńlá orí ọkọ̀ sápá kan, bẹ́ẹ̀ ni ara ọkọ̀ fẹ́ yí sí òdìkejì. Abẹ̀bẹ̀ kékeré tó wà nírù ló ń dá a dúró, ẹsẹ̀ méjèèjì ni awakọ̀ sì fi ń darí rẹ̀. Ọ̀pá tó wà lọ́wọ́ òsì ń gbé ọkọ̀ sókè tàbí rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, èyí tó wà láàárín itan ń darí ibi tó kọrí sí. Tí ọkọ̀ bá ń sáré síwájú, ewé abẹ̀bẹ̀ tó ń lọ pàdé atẹ́gùn ń gba afẹ́fẹ́ tó yára ju èyí tó ń padà sẹ́yìn lọ. Ìdí nìyí tí hẹlikọ́pítà kò fi lè sáré bíi bàálù: bó bá pọ̀ jù, ewé tó ń padà sẹ́yìn kò ní lè gbé ẹrù tirẹ̀ mọ́. Lórí òkè, lọ́sàn-án gangan, afẹ́fẹ́ fúyẹ́, ọkọ̀ sì lè má lè gbé ohun tó gbé láàárọ̀. Tí ẹ́ńjìnnì bá wá kú lókè ńkọ́? Awakọ̀ yóò tètè rẹ ọ̀pá ọwọ́ òsì sílẹ̀, kí afẹ́fẹ́ tó ń ti ìsàlẹ̀ wá lè máa yí abẹ̀bẹ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń sọ̀. Agbára yíyí yẹn ni yóò ná tán nígbà tó bá kù díẹ̀ kó kan ilẹ̀, kó lè rọra balẹ̀.

Àyẹ̀wò ara ń bá gbogbo èyí lọ, ó sì yẹ kó ṣáájú. Àwọn dókítà òfurufú ní Fort Rucker, ìpínlẹ̀ Alabama, ló ń fọwọ́ sí i níkẹyìn, ìwé wọn kì í sì í yá. Wọ́n ń wo etí, ọkàn àti bí ojú ṣe ń dá àwọ̀ mọ̀. Ẹni tí wọ́n ti fi iná léṣà tún ojú rẹ̀ ṣe ṣì lè bẹ̀bẹ̀ fún ìyọ̀ǹda. Wọ́n tún ń wọn èèyàn bíi télọ̀: apá méjèèjì tí wọ́n bá nà gbọdọ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 164 láti ìka dé ìka, gíga ẹsẹ̀ láti ilẹ̀ dé ibi tí itan méjèèjì ti pàdé kò gbọdọ̀ dín ní 75, gíga ìjókòó kò sì gbọdọ̀ ju 102 lọ. Ẹni tó fi ọdún kan múra ìdánwò, tó wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé ojú òun kì í dá àwọ̀ mọ̀, ti fi àkókò ṣòfò.

Lẹ́yìn máàkì, ohun tó kù nínú fáìlì ni lẹ́tà ìjẹ́rìí, àròkọ, ìtàn iṣẹ́ àti èsì ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pẹ̀lú awakọ̀ ológun tó ti dàgbà lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn kan máa ń lé lẹ́tà olóṣèlú kiri. Lẹ́tà wọ́rántì ọ́fíṣà àgbà tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa ọkọ̀ yìí, tó jókòó bá ẹni náà sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, wúwo jù ú lọ, nítorí ẹni tó mọ iṣẹ́ ló ń bá àwọn tó mọ iṣẹ́ sọ̀rọ̀. Àròkọ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Gbogbo wọn ló ń kọ ọ́ pé láti kékeré làwọn ti ń wo bàálù lókè, ìgbìmọ̀ sì ti ka ìyẹn títí ó ti sú wọn. Ẹni tó kọ̀wé pé òun ti jẹ́ mẹkáníìkì fún ọdún mẹ́rin, tàbí olùtọ́jú pàjáwìrì inú áńbúláǹsì, tó sì ṣàlàyé ìpinnu kan tó ṣe nígbà tí ẹ̀mí èèyàn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ti sọ ohun tí máàkì kò lè sọ. Wákàtí díẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ òfurufú kì í ṣe dandan, àmọ́ ó ń fi hàn pé ẹni náà ti fi owó ara rẹ̀ wò ó bóyá ó bá òun lára mu. Ọ̀ràn ọlọ́pàá tàbí ìwé ìtanràn ojú ọ̀nà, ẹ̀rí rẹ̀ gbọdọ̀ wọlé pẹ̀lú. Wọn yóò ṣèwádìí ẹni náà fún iṣẹ́ àṣírí, èyí tó bá fi pa mọ́ sì burú ju ọ̀ràn fúnra rẹ̀ lọ.

Aráàlú tí wọ́n bá yàn yóò lo ọ̀sẹ̀ 10 níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́jà, lẹ́yìn náà ilé ẹ̀kọ́ wọ́rántì ọ́fíṣà ní Fort Rucker kan náà. Wọ́n sọ ibẹ̀ ní Fort Novosel ní 2023 láti bọlá fún Novosel tó fipò sílẹ̀ yẹn, wọ́n sì dá orúkọ Rucker padà ní 2025. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ìwakọ̀, tó fi mọ́ bí èèyàn ṣe ń jáde nínú ọkọ̀ tó ṣubú sómi tó sì dorí kodò. UH-72 Lakota ni wọ́n fi rọ́pò ọkọ̀ ìkẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, TH-67. Ẹni tó bá yege níbẹ̀ yóò bọ́ sórí Black Hawk, Apache tàbí Chinook, bí ipò rẹ̀ nínú kíláàsì àti ohun tí Army ń fẹ́ bá ṣe rí. Tí wọ́n bá ti so ìyẹ́ mọ́ ọn láyà, ó di ọdún 10 tó gbọ́dọ̀ sìn. Ọdún 6 ni tẹ́lẹ̀, títí di 2020. Ẹni tó wọlé lọ́mọ ọdún 19 yóò ti kọjá 30 kí ó tó lè kúrò.