Gbígbé Ètò PyPSA-Earth Kalẹ̀ àti Títò Ó: Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ Gẹ́gẹ́ Bí Àpẹẹrẹ

1. Ìfáárà

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú bébà yìí ni bí a ṣe ń gbé PyPSA-Earth, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe àwòṣe ìpèsè iná mànàmáná, kalẹ̀ sórí ẹ̀rọ, àti bí a ṣe ń tò ó kí ìdáhùn rẹ̀ lè ṣe é gbára lé. Èrò wa ni pé gbígbé e kalẹ̀ kò le tó títò ó. Bí ìgbékalẹ̀ bá kùnà, ẹ̀rọ yóò sọ fún wa. Ṣùgbọ́n bí títò bá kùnà, ẹ̀rọ yóò ṣì dáhùn, ìdáhùn náà yóò sì ṣì wá lọ́nà.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá inú kíláàsì. Òfin Iná Mànàmáná ti 2023 fún àwọn ìpínlẹ̀ láyè láti ṣàkóso ọjà iná tiwọn. Ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣe òfin tirẹ̀ ní 2024. Iye tí a bá kọ síwájú orúkọ ìlú kan nínú irú ìṣirò báyìí lè di ìdí tí a ó fi na wáyà dé ibẹ̀, ó sì lè di ìdí tí a kò fi ní nà án.

2. Irú ètò tí ó jẹ́

Orí PyPSA ni a kọ́ ètò yìí lé. Àwọn onímọ̀ ní Frankfurt, ní Jámánì, ni wọ́n pilẹ̀ PyPSA, àpilẹ̀kọ nípa rẹ̀ sì jáde ní 2018. Ní 2021 ni iṣẹ́ tí a pè ní PyPSA meets Africa bẹ̀rẹ̀. Òun ni ó di PyPSA-Earth. Nínú àpilẹ̀kọ tí ó ṣàlàyé rẹ̀ ní 2023, Nàìjíríà ni wọ́n fi dán an wò. Ẹnikẹ́ni ni ó lè ka bí a ṣe kọ ètò náà, kí ó tún un ṣe, kí ó sì fún ẹlòmíràn láìsan kọ́bọ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó kó wáyà iná ńlá láti inú àwòrán ilẹ̀ OpenStreetMap, kí ó so ó pọ̀ mọ́ àwọn ibùdó tí ń pèsè iná, oòrùn, afẹ́fẹ́ àti àìní àwọn ènìyàn, kí ó sì wá ọ̀nà tí owó rẹ̀ kéré jù láti fi bá àìní náà pàdé.

3. Gbígbé e kalẹ̀

(i) Kọ́kọ́ gbé git àti conda sórí ẹ̀rọ. git ni yóò gba ẹ̀dà ètò náà. Conda ni yóò kó àwọn ohun èlò Python rẹ̀ jọ sí ibì kan, kí wọ́n má baà dàrú mọ́ ti iṣẹ́ mìíràn.

(ii) Fi git clone gba ẹ̀dà náà. Kí àlàfo má ṣe sí nínú orúkọ fódà tí a bá gbé e sí.

(iii) Lo conda env create pẹ̀lú fáìlì environment.yaml, lẹ́yìn náà conda activate pypsa-earth. Èyí ń pẹ́, ó sì ń jẹ dátà. Kí a rí i pé bátìrì kún kí a tó bẹ̀rẹ̀.

(iv) Yan ètò tí yóò ṣe ìṣirò gan-an. HiGHS àti GLPK jẹ́ ọ̀fẹ́. Orúkọ èyí tí a bá yàn ni kí ó wà nínú config.yaml.

(v) Ṣe ẹ̀dà config.tutorial.yaml, kí a sọ ọ́ ní config.yaml, kí a sì pa àṣẹ snakemake -j 1 solve_all_networks. Àpẹẹrẹ ìdánrawò yìí lo Nàìjíríà àti Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ péré nínú 2013. Bí ó bá parí láìsí àṣìṣe, ìgbékalẹ̀ pé.

4. Títò ó

4.1 Ojúkò

Nínú config.yaml ni a ti ń sọ iye ojúkò tí a fẹ́ pín orílẹ̀-èdè sí. Bí a bá kọ 10 fún Nàìjíríà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ yóò bọ́ sínú ojúkò kan náà. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ní Egbin, nítòsí Ìjẹ̀dẹ̀ ní Ìkòròdú, ni ibùdó iná olóoru tí ó ti ń ṣiṣẹ́ láti 1985 wà: ẹ̀rọ mẹ́fà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 220 MW, àpapọ̀ 1,320 MW. Nínú ojúkò kan, kò sí wáyà, kò sí ìdíwọ́. Nítorí náà, lójú àwòṣe, gbogbo iná Egbin ti dé Ẹ̀pẹ́. Bákan náà, wáyà 33 kV àti 11 kV tí ó ń gbé iná wọ àdúgbò kì í wọ inú àwòṣe yìí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni iná ti sábà máa ń dúró.

4.2 Àìní iná

Ètò náà kì í ka mítà. Ó ń fojú díwọ̀n àìní gbogbo orílẹ̀-èdè, lẹ́yìn náà ni ó ń pín in fún àwọn ojúkò gẹ́gẹ́ bí iye ènìyàn àti ọrọ̀-ajé wọn. Dátà ọrọ̀-ajé tí wọ́n lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dúró ní 2015. Ilé-iṣẹ́ ìrẹsì Ìmọ́ta, ní ìhà Ìkòròdú, tí a ṣí ní 2023, kò lè hàn nínú rẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé kí a fi àkọsílẹ̀ mítà rọ́pò rẹ̀. Ìyẹn náà ní ewu. Ká sọ pé ìlú kan nílò 10 MW ní gbogbo wákàtí: 240 MWh lójúmọ́. Bí iná bá dé fún wákàtí 8, 80 MWh ni mítà yóò kọ. Bí a bá fi 80 sínú àwòṣe, ìdá méjì nínú mẹ́ta àìní ìlú náà ti sọnù, jẹnẹrétọ̀ tí ń dún lẹ́yìnkùlé kò sì sí lákọsílẹ̀. Ìlú tí ó wà nínú òkùnkùn yóò wá dà bí ìlú tí kò nílò nǹkan kan.

5. Àbá

Fún ètò gbogbo orílẹ̀-èdè, PyPSA-Earth dára. Fún ìlú méjì bíi ti wa, a dábàá kí akẹ́kọ̀ọ́ lo PyPSA fúnra rẹ̀, tí pip install pypsa tó fún: kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ to ojúkò kan fún Ìkòròdú, ọ̀kan fún Ẹ̀pẹ́, àti wáyà tí ó ní ìwọ̀n láàrin wọn. Kí ó fi wákàtí tí iná kò sí kún àìní, kí ó sì bèèrè iye epo jẹnẹrétọ̀ lọ́wọ́ àwọn aránṣọ, àwọn alọta àti àwọn oníṣòwò ẹja tútù. Lẹ́yìn èyí, kí ó to ẹ̀rọ àfojúrò kan tí owó rẹ̀ wọ́n gan-an sí ojúkò kọ̀ọ̀kan. Ibi tí àwòṣe bá ti lo ẹ̀rọ náà ni iná kò ti tó.

6. Ìgúnlẹ̀

A ti ṣàlàyé pé ọjọ́ kan tó fún gbígbé ètò yìí kalẹ̀, ṣùgbọ́n títò rẹ̀ ń béèrè pé kí a mọ ìlú tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹrù tí a bá dì ni a ó tú. Kí a tó gba ìdáhùn ẹ̀rọ gbọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wádìí ohun tí a dì sínú rẹ̀.