Ohun tí Iná Kò Lè Pa nínú Ìkòkò Ọbẹ̀

Létí ọ̀sà ní Attécoubé, nínú ìlú Abidjan, ni àdúgbò Boribana wà kí àwọn aláṣẹ tó wó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé rẹ̀ ní ọdún 2024. Ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè Dioula ni pé eré sísá ti parí. Àwọn ọmọ Ẹjígbò tí ń ṣòwò ní Abidjan kò ṣàìmọ irú ilé tí a ń wí: yàrá kan ṣoṣo ni ibùsùn, òun náà ni ilé ìdáná, òun náà sì ni àká. Òróró jókòó ti kẹrosíìnì, àpò ìrẹsì sì fara ti oògùn èkúté.

Bí ohun búburú bá ṣèèṣì kán sínú ọbẹ̀ ní irú ilé bẹ́ẹ̀, owó ọjà ni ó kọ́kọ́ ń dé ọkàn ìyá ilé, a kò sì lè dá a lẹ́bi. Yóò bu ojú ọbẹ̀ dànù, yóò tún un gbé kaná, yóò ní iná yóò pa á. Òótọ́ ni pé iná ń pa ọ̀pọ̀ kòkòrò àìfojúrí. Ṣùgbọ́n oògùn apakòkòrò kì í ṣe ohun ẹlẹ́mìí. Iná kò rí ohun tí yóò pa níbẹ̀. Ìrẹsì àná tí a kò tọ́jú dáadáa náà ńkọ́? Àwọn kòkòrò kan lè ti tu oró sínú rẹ̀ lóru, oró tí gbígbé e kaná lówùúrọ̀ kò lè mú kúrò.

Omi híhó ni a fi ń ro àmàlà. Síbẹ̀, ní ọdún 2008, àwọn dókítà kan kọ̀wé nípa ìdílé márùn-ún ní Ìlọrin tí èlùbọ́ kó àìsàn bá. Oògùn tí a fi ń lé kòkòrò kúrò lára iṣu gbígbẹ ni wọ́n fura sí. (Nínú ilé olórogún, ẹjọ́ àjẹ́ ni irú èyí ì bá dà.)

Ìdànù ni ọ̀nà kan ṣoṣo, kí a sì wa kòtò bò ó níbi tí adìẹ àti ewúrẹ́ kò lè dé, kì í ṣe inú ọ̀sà.

Bí ẹnìkan bá ti jẹ ẹ́, epo pupa ni a máa ń sáré bù fún un kí ó lè bì. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bá wa gbógun ti àṣà yìí. Bí kẹrosíìnì bá ni ọmọ mu, èébì lè gbé e wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ gan-an ni ó sì ti ń pani. Àwọn oògùn apakòkòrò kan tilẹ̀ wà tí epo ń mú kí ara tètè gbà. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ kíákíá, kí a sì mú ìgò oògùn náà dání, kí dókítà lè ka ohun tí a kọ sí i lára. Ìgò ọtí tí a tú oògùn sí, bí a ti ń rà á lọ́jà, kò ní ohun kan lára tí dókítà lè kà.