Omi inú pákó

Ní ọdún tó kọjá, a fi ilẹ̀kùn tuntun sí yàrá tí a ti ń kọ́ àwọn àgbà ní ìwé ní Adido, ní agbègbè Ṣábẹ. Pákó ìrókò ni, owó rẹ̀ kò sì kéré. Kí ọyẹ́ tó parí, alángbá ti ń gba àárín pákó rẹ̀ wọlé. Nígbà tí òjò dé, ó wú, ó há mọ́ ẹnu ọ̀nà. Èjìká ni a fi ń ṣí i. Àwọn kan ní gbẹ́nàgbẹ́nà rẹ́ wa jẹ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára. Pákó ni kò tíì gbẹ.

Igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé kún fún omi. Bí omi náà ti ń lọ, pákó ń fúyẹ́, ṣùgbọ́n ìbú rẹ̀ kò tíì yí padà. Ìgbà tí omi bá kù bí 30 gíráàmù sí 100 gíráàmù igi gbígbẹ ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì. Bí ó bá ti di ilẹ̀kùn nígbà náà, ibi tí pákó méjì ti pàdé yóò ya.

Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ wa, ONAB ń la igi tẹ́ẹ̀kì ní Saclo, lẹ́bàá Bohicon. Káàkiri ayé, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá tó ń la gẹdú kì í dúró de oòrùn. Wọ́n ń to pákó sínú yàrá ooru, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní séchoir. Ẹ̀rọ ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná gba àárín wọn. Iṣẹ́ oṣù púpọ̀ lè parí láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Bí ooru bá pọ̀ jù ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ara pákó yóò gbẹ, yóò sì le, nígbà tí inú rẹ̀ ṣì tutù. Bí inú bá wá fẹ́ súnkì lẹ́yìn náà, ara tó ti le kò ní gbà fún un. Inú yóò fà ya. Ojú kò lè rí i. Oníbàárà yóò sanwó, àfi ìgbà tí ayùn bá là á kí ihò inú rẹ̀ tó hàn. Nítorí náà, ẹni tó mọ iṣẹ́ ń kọ́kọ́ tú oru omi sínú yàrá náà, ó sì ń fi ooru kún un díẹ̀díẹ̀. Kì í to pákó tín-ínrín pọ̀ mọ́ èyí tó nípọn.

Báwo ni ó ṣe ń mọ iye omi tó kù? Ó ń wọ̀n ọ́n ni. Ẹ jẹ́ kí a jọ ṣírò rẹ̀: a gé pákó kékeré kan, ó wọn 1.200 gíráàmù. A fi í sínú ààrò tí ooru rẹ̀ ju ti omi híhó lọ díẹ̀, títí ìwúwo rẹ̀ kò fi dín mọ́. Ó di 800. Omi tó lọ jẹ́ 400, ìyẹn 50 sí 100 igi gbígbẹ. Pákó ohun èlò inú ilé kò yẹ kí ó ju nǹkan bí 12 sí 15 lọ.

Adido kò nílò yàrá ooru kí pákó tó gbẹ. Kí a to pákó sábẹ́ àtíbàbà, kí ó jìnnà sílẹ̀, kí a fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sí àárín wọn, kí a sì fi ọ̀dà kun orí wọn méjèèjì kí wọn má baà sán. Pákó tó nípọn tó 25 mílímítà lè gba nǹkan bí ọdún kan.

Gbẹ́nàgbẹ́nà wa ti gbà láti ṣe ilẹ̀kùn mìíràn. Pákó rẹ̀ wà lábẹ́ àtíbàbà báyìí, ọjọ́ tí wọ́n là á sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí òun fúnra rẹ̀ fi ẹfun kọ. Ní oṣooṣù ni ó ń wọn pákó kan náà, tí ó ń kọ iye rẹ̀ sínú ìwé. Títí iye náà kò fi ní dín mọ́, èjìká ni a ó ṣì máa fi ṣílẹ̀kùn.