Palitana: Òkè mímọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í sùn sí

Bí a bá mẹ́nu ba òkè àdúrà, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn ni àìsùn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ṣùgbọ́n òkè kan wà ní orílẹ̀-èdè Íńdíà tí tirẹ̀ yàtọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, tọmọdé tàgbà ló gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀, títí kan àwọn tó ń bójú tó ìsìn níbẹ̀.

Shatrunjaya ni orúkọ òkè náà. Ẹ̀gbẹ́ ìlú Palitana ló wà, ní ìpínlẹ̀ Gujarat. Tẹ́mpìlì tó wà lórí rẹ̀ lé ní 800, àwọn ẹlẹ́sìn Jain ló sì ni wọ́n.

Ẹ̀sìn àtayébáyé ni ẹ̀sìn Jain, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ kò pọ̀. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2011, wọn kò tó mílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ nínú èrò Íńdíà tó lé ní bílíọ̀nù kan. Olórí òfin wọn ni pé èèyàn kò gbọdọ̀ pa ohun ẹlẹ́mìí kankan lára. Wọn kì í jẹ ẹran, ẹja tàbí ẹyin. Àwọn tó di òfin náà mú ṣinṣin kì í jẹ ànàmọ́ tàbí àlùbọ́sà pàápàá, nítorí wọ́n gbà pé bí a bá wú ohun tó ta sábẹ́ ilẹ̀, a ti pa á, a sì ti pa àwọn kòkòrò tó wà lára rẹ̀.

Kí ló wá sọ òkè yìí di mímọ́? Àwọn ẹlẹ́sìn Jain gbà pé olùkọ́ ńlá 24 ló fi ọ̀nà ìgbàlà han aráyé, àti pé 23 nínú wọn ló ti tẹ ibẹ̀. Rishabhanatha, tí wọ́n tún ń pè ní Adinath, ni àkọ́kọ́ wọn, òun ló sì ni tẹ́mpìlì tó lókìkí jù níbẹ̀. Ogun ti ba ọ̀pọ̀ nínú àwọn tẹ́mpìlì náà jẹ́ láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò ọlọ́rọ̀ ẹ̀sìn náà ń náwó tún wọn kọ́.

Àtẹ̀gùn tó tó 3,500 ni èèyàn yóò gùn kó tó débẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ọ̀pọ̀ ti ń gbéra, àwọn mìíràn kì í sì wọ bàtà. Àwọn arúgbó tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé e máa ń jókòó sórí àga tí àwọn alágbàṣe ń gbé gòkè. Oúnjẹ jíjẹ jẹ́ èèwọ̀ lórí òkè. Fún oṣù mẹ́rin tí òjò fi ń rọ̀, wọn kì í gun òkè náà, nítorí ìgbà yẹn ni kòkòrò ń pọ̀ nílẹ̀, wọn kò sì fẹ́ tẹ èyíkéyìí pa.

Ibojì ẹni mímọ́ Mùsùlùmí kan, Angar Pir, wà lórí òkè kan náà, àwọn obìnrin tó ń wá ọmọ sì máa ń gbé ibùsùn ìkókó kéékèèké síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n gbogbo nǹkan kò fi bẹ́ẹ̀ rọgbọ nísàlẹ̀ òkè. Lọ́dún 2014, nǹkan bí 200 nínú àwọn tó ti fi ayé sílẹ̀ fún ẹ̀sìn Jain gbààwẹ̀, wọ́n ní àwọn kò ní jẹun àfi bí ìjọba bá fòfin de pípa ẹran àti títà á ní Palitana. Ìjọba gbọ́ tiwọn. Inú àwọn onísìn dùn, ṣùgbọ́n àwọn alápatà àtàwọn apẹja figbe ta pé wọ́n ti gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn, nítorí kì í ṣe ẹlẹ́sìn Jain nìkan ló ń gbé ìlú náà.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Lórí òkè, ẹni tó bá gòkè wá ló fúnra rẹ̀ gbà láti pa òfin mọ́. Nísàlẹ̀, òfin kan náà ti kan ẹni tí kò bá wọn gòkè rí, iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ló sì kàn.