Igi Ìdábùú Ojú Irin: Àyẹ̀wò Àwọn Igi Ilẹ̀ Yorùbá tí ó Yẹ fún Iṣẹ́ Rélùwéè

Ìfáàrà

Ìjòkó, ní agbègbè Ọ̀tà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ibùdókọ̀ orí ojú irin àtijọ́ tí ó ti Èkó gba Abẹ́òkúta lọ sí Ìbàdàn. Ọdún 1896 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1901 ni wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn. Irin gbọọrọ méjì ni ojú ń tètè rí níbẹ̀. Ohun tí ó so méjèèjì pọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ hàn: òun ni ìdábùú tí a tò sábẹ́ wọn láàárín òkúta wẹ́wẹ́. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé irú igi tí ó tó ìdábùú ṣe, àti ìdí tí igi fi yàgò fún irin àti kankéré.

Iṣẹ́ Ìdábùú

Iṣẹ́ mẹ́ta ni ìdábùú ń ṣe. Èkíní, ó ń di irin méjèèjì mú kí àlàfo àárín wọn má baà yí padà. Mílímítà 1,067 ni àlàfo yìí lórí ojú irin àtijọ́. Bí ó bá fẹ̀ jù, ẹsẹ̀ ọkọ̀ yóò yẹ̀, ẹ̀mí sì lè bá a lọ. Èkejì, ó ń pín ìwúwo ọkọ̀ ká orí òkúta. Ẹ̀kẹta, ó ń dín ìgbọ̀nrìrì ọkọ̀ kù. Nítorí náà, líle nìkan kò tó. Igi ìdábùú gbọ́dọ̀ di ìṣó mú láìlà, kí ó fara da òjò àti oòrùn, kí ikán má sì rí i jẹ.

Àwọn Igi tí ó Yẹ

Ẹ̀kì, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Lophira alata, ni aṣáájú. Mítà kúbíìkì kan rẹ̀ tí ó ti gbẹ máa ń wọn nǹkan bí kìlógíráàmù 1,000, nítorí èyí ni ó fi sábà máa ń rì sínú omi. Àwọn ará Faransé, tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí azobé, ti fi ṣe ìdábùú fún rélùwéè wọn. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń ba eyín ayùn jẹ́, a sì gbọ́dọ̀ lu ihò sí i kí ìṣó tó lè wọ̀ ọ́.

Ọ̀pẹ̀pẹ̀ (Nauclea diderrichii) fúyẹ́ ju ẹ̀kì lọ, nǹkan bí kìlógíráàmù 750, ṣùgbọ́n kì í tètè jẹrà. Orúkọ tí Yorùbá sọ ọ́ ni ọjà gẹdú àgbáyé fi ń pè é. Igi ọbọ̀ (Erythrophleum), tí èèpo rẹ̀ ní májèlé, tún lágbára fún iṣẹ́ yìí, bí eruku rẹ̀ tilẹ̀ ń yọ àwọn lagilagi lẹ́nu. Apá àti ìrókò náà ń tọ́jọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn àti àga ni owó ìrókò wà. Arère ní tirẹ̀ kò ju nǹkan bí kìlógíráàmù 380 lọ, kíá ni ó sì ń jẹrà.

Ẹ jẹ́ kí ó yé wa pé inú igi ni agbára wà. Ara funfun tí ó wà lábẹ́ èèpo kò ní ààbò, ìbáà jẹ́ ti ẹ̀kì.

Irin àti Kankéré

Ní Yúróòpù, ọ̀dà tí a fà lára èédú ni wọ́n ń fi sínú igi kí ó má baà jẹrà. John Bethell gba àṣẹ ọgbọ́n náà ní ọdún 1838. Ní Nàìjíríà, orí ìdábùú irin ni wọ́n tẹ́ púpọ̀ nínú ojú irin àtijọ́ sí, nítorí ẹnu ikán kò ràn án. Ṣùgbọ́n irin ń dípẹtà, àwọn olè sì ń hú u tà. Kankéré ni wọ́n lò fún ojú irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn, tí àlàfo rẹ̀ jẹ́ mílímítà 1,435, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021. Kankéré wúwo, ó sì ń tọ́jọ́, ṣùgbọ́n a kò lè gé e bí a ṣe fẹ́ lójú iṣẹ́. Ìdí nìyí tí igi fi ṣì wúlò ní orí afárá irin àti ní oríta ojú irin káàkiri àgbáyé.

Ìlò rẹ̀ nínú Kíláàsì

Olùkọ́ lè gba ègé ẹ̀kì, ọ̀pẹ̀pẹ̀ àti arère ní ilé ìlagi. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ jù wọ́n sínú omi, kí wọ́n wo èyí tí yóò rì. Kí wọ́n sì rì wọ́n mọ́lẹ̀ nítòsí ògán fún sáà kan, kí wọ́n tó hú wọn wò.

Àgbálọgbábọ̀

Ẹ̀kì kì í tètè dàgbà, ó sì ti wọ ìwé àwọn igi tí ewu àkúrun ń wu. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ ẹ̀kì yàtọ̀ sí arère kò lè mọ ohun tí igbó rẹ̀ ń pàdánù. Ọ̀dọ̀ olùkọ́ èdè àti olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni ìmọ̀ yìí ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀.