Níbo Lẹ Ó Gbé Ọmọ Sí? Bí Mo Ṣe Ra Ọkọ̀ Oníjókòó Méjì

Nígbà tí mo fi àwòrán ọkọ̀ náà ránṣẹ́ sí màámi ní Ìbàdàn, wọn kò béèrè iye tí mo rà á, wọn kò sì béèrè bí ó ṣe ń sáré. Wọ́n wo àwòrán náà títí, wọ́n wá pè mí lórí WhatsApp. "Ẹ̀yìn rẹ̀ dà?" Mo ní kò ní ìjókòó ẹ̀yìn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ìwọ àti ọkọ rẹ ti gba ìjókòó méjèèjì. Níbo lẹ ó wá gbé ọmọ sí?"

Ọdún kejì ìgbéyàwó wa nìyẹn. Ẹni tí wọ́n bá ti bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí yóò mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni màámi ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, Peugeot 504 ni bàbá mi ń wà, irú èyí tí wọ́n ń tò pọ̀ ní Kàdúná. Ènìyàn méje ni ó máa ń kó bí a bá ń lọ ìnáwó ní Ìjẹ̀bú, láìka ìkòkò ọbẹ̀ tí ó máa ń wà lẹ́sẹ̀ àǹtí mi. Èmi ni àbíkẹ́yìn, orí itan ẹlòmíràn sì ni ìjókòó mi. Títí tí bàbá mi fi ta ọkọ̀ náà, n kò fi ìgbà kan rí ojú ọ̀nà láti iwájú rẹ̀. Ìpàkọ́ àwọn àgbà àti gèlè àwọn ìyá ni mo fi mọ ọ̀nà Ìjẹ̀bú.

Chatham ní Kent, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo ń gbé báyìí. Ọkọ mi ní ayọ́kẹ́lẹ́ tí ó gba ènìyàn márùn-ún. Òun la fi ń lọ síbi iṣẹ́, ọjà àti ṣọ́ọ̀ṣì. Ọdún méjì ni mo fi ń tọ́jú owó tí mo ń rí nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ àti ìwé kíkọ, títí ó fi pé £5,000. Mo fẹ́ ọkọ̀ kékeré kan fún ọjọ́ Sátidé, oníjókòó méjì, tí òrùlé aláṣọ rẹ̀ ṣeé ká sẹ́yìn, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ní sílíńdà mẹ́fà. Ní ilé, tòkunbọ̀ là bá pè é. Ibi tí tòkunbọ̀ ti ń wá la wà níhìn-ín, nítorí náà àlòkù lásán ni.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi béèrè ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ mẹ́fà, nígbà tí onísílíńdà mẹ́rin kì í jẹ epo púpọ̀. Ẹ ronú sí obìnrin mẹ́ta tí wọ́n ń gún iyán nínú odó kan ṣoṣo. Bí ọmọ odó ọ̀kan ti ń gòkè ni ti èkejì ń balẹ̀, ti ẹ̀kẹta sì wà lójú ọ̀nà. Wọn kì í kọlu ara wọn. Bí ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà tí wọ́n tò sí ìlà kan ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Méjì-méjì ni àwọn písítìnì rẹ̀ ń rìn: ti kìíní pẹ̀lú ti ẹ̀kẹfà, ti èkejì pẹ̀lú ti ìkarùn-ún, ti ẹ̀kẹta pẹ̀lú ti ìkẹrin. Ìmìtìtì tí méjì bá fẹ́ dá sílẹ̀, mẹ́rin yòókù yóò pa á rẹ́. Ìdí nìyẹn tí ara rẹ̀ kì í fi í gbọ̀n, tí ohùn rẹ̀ sì ń gòkè láìjágbe. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kì í fẹ́ gbọ́ àlàyé nípa epo mọ́.

Porsche Boxster ni mo kọ́kọ́ fẹ́. Ọdún 1996 ni ó jáde; ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn ìjókòó, sílíńdà mẹ́ta dùbúlẹ̀ lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì. Ṣùgbọ́n bẹ́árìn kékeré kan wà nínú ẹ́ńjìnnì àwọn ti àtijọ́, IMS ni wọ́n ń pè é; bí ó bá fọ́, ó lè ba gbogbo ẹ́ńjìnnì jẹ́. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ owó mi kò tó èyí tí ènìyàn lè fi ta tẹ́tẹ́. Mo wo Mercedes SLK 320 pẹ̀lú, tí òrùlé onírin rẹ̀ ń ká ara rẹ̀ sínú búùtù. Kò wọ̀ mí lọ́kàn. BMW Z4 àkọ́kọ́ ni mo wá dúró lé, èyí tí wọ́n ṣe ní Spartanburg ní Amẹ́ríkà láti ọdún 2002 sí 2008.

Z4 àkọ́kọ́ tí a lọ wò dúdú, ó ń dán bí ojú dígí. Ẹni tí ń tà á ti ń dúró dè wá, ẹ́ńjìnnì sì ti gbóná kí a tó dé. Ó yẹ kí ìyẹn tó mi ní ìkìlọ̀, nítorí pé ẹ́ńjìnnì tútù ni àìsàn rẹ̀ máa ń hàn nígbà tí a bá kọ́kọ́ tan án. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ti wọ̀ mí lójú. Mo ti mú fóònù jáde láti san £500 àsansílẹ̀ nígbà tí ọkọ mi, ẹni tí kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, na fóònù tirẹ̀ sí mi láìsọ̀rọ̀.

Ní ilẹ̀ yìí, ọkọ̀ tí ó bá ti lé ní ọdún mẹ́ta gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní MOT lọ́dọọdún, àbájáde rẹ̀ sì wà lórí ìkànnì ìjọba lọ́fẹ̀ẹ́. Nọ́ńbà ọkọ̀ nìkan ni ènìyàn nílò. Ní ọdún 2015, ọkọ̀ náà ti rin máìlì 103,000. Ní ọdún 2017, 68,000 ni. Ọkọ̀ ń dàgbà, ó sì tún ń padà di ọmọdé! Ẹnì kan ti yí ojú míìtà rẹ̀ padà. Bí mo bá fẹ́ sọ òtítọ́, ọkọ mi ni mo kọ́kọ́ bínú sí. Odindi ìrìn àjò padà sílé, n kò bá a sọ̀rọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ìtàn MOT kí n tó wo àwòrán. Mo tún kọ́ ọ̀rọ̀ owó-orí. Owó-orí àwọn ọkọ̀ tí wọ́n forúkọ wọn sílẹ̀ láti oṣù kẹta ọdún 2001 títí di òpin oṣù kẹta ọdún 2017 wà lórí èéfín tí wọ́n ń tú. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ 23 oṣù kẹta ọdún 2006 ní òpin tí owó rẹ̀ kò lè kọjá. Bí èéfín ọkọ̀ bá pọ̀, ọjọ́ kan péré lè sọ owó-orí rẹ̀ di gọbọi.

Èyí tí mo rà wà ní abúlé kan nítòsí Faversham, lọ́wọ́ bàbá kan tí wọ́n ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ọdún 2004 ni wọ́n ṣe é; ẹ́ńjìnnì lítà 2.5 ni, agbára ẹṣin 192. Mo gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀: ó tutù. Mo fọwọ́ tẹ kápẹ́ẹ̀tì: ó gbẹ. Mo ṣí òrùlé, mo pa á dé, lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí pé igun tí omi òjò máa ń gbá jọ sí ni mọ́tò tí ń gbé òrùlé Z4 wà. Bí ewé bá dí ojú ihò omi, omi yóò pa mọ́tò náà. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní gbogbo ìgbà tí ewé bá ń wọ́wẹ́ ni àwọn ń nu ihò náà. Wọ́n gbé fáìlì jáde. Àwọn rísíìtì fi hàn pé wọ́n ti pààrọ̀ páńpù omi àti agolo oníke tí omi ẹ́ńjìnnì ń wà nínú rẹ̀, àwọn ohun tí ọjọ́ orí máa ń mú kí ó sán. Ẹni tí kò bá pààrọ̀ wọn lákòókò, ẹ́ńjìnnì yóò gbóná dé ibi tí orí rẹ̀ yóò tẹ̀. Mo béèrè ìdí tí wọ́n fi ń tà á. Wọ́n ní ìbàdí ń dun ìyàwó àwọn, kò lè bẹ̀rẹ̀ wọ inú ọkọ̀ mọ́.

£3,700 ni mo san. Mo dá £1,300 tí ó kù sí, n kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, bẹ̀rẹ̀ láti orí èmi fúnra mi. Oṣù kẹrin ni sípírìngì ẹ̀yìn lápá òsì kán, àrùn tí wọ́n mọ̀ mọ́ Z4. Mo pààrọ̀ méjèèjì, £240. Táyà méjì tẹ̀ lé e. Ká ní mo ti ná gbogbo £5,000 sórí ọkọ̀ tí ó dán jù bẹ́ẹ̀ lọ, inú ọgbà mẹkáníìkì ni ì bá wà di ìsinsìnyí.

Màámi wá kí wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, wọ́n lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, wọn kò wo ìhà ibi tí ọkọ̀ náà wà. Ní Sátidé kẹta, ọkọ mi lọ síbi iṣẹ́, mo sì ní kí wọ́n jẹ́ ká lọ wo òkun ní Dungeness. Wọ́n wé gèlè. Wọ́n jókòó níwájú, ẹsẹ̀ wọn nà tán, kò sí ìkòkò ọbẹ̀ kankan níbẹ̀. A gba Ashford, a dé ilẹ̀ pẹrẹsẹ Romney Marsh, níbi tí àgùntàn ti pọ̀ ju ènìyàn lọ. Mo ń retí ìbéèrè náà. Èmi ni mo wá sọ ọ́ fúnra mi: "Màámi, bí ọmọ bá dé, ọkọ̀ bàbá rẹ̀ gba ènìyàn márùn-ún."

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Mo ti kà á."

A rìn díẹ̀ sí i. Wọ́n tú gèlè wọn, wọ́n ká a sínú àpò, wọ́n sì tọ́ka sí òrùlé. "Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣí i?"